Ohun tí Màmá Miriam Jẹ́wọ́

Wisdom jí láàárọ̀ Sátidé kan, ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri títí ìyá rẹ̀ fi lé e wọlé, ó jókòó mu ẹ̀kọ, ó sì kú kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ọmọ ọdún méje ni. Ibà ò ṣe é, ejò ò bù ú ṣán, kò sì ṣubú. Ó kàn dìde nídìí tábìlì, ó ní ọ̀fun ń yún òun. Ó ń họ ọrùn, ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ wú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí nímú. Kí bàbá rẹ̀, tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tó rí kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn jáde lójú ọ̀nà Ayọ̀bọ̀ tó kún fún kòtò, ọmọ náà ti rọ̀ sí i lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e dé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí èémí mí ni. Kọ́lápọ̀, bàbá rẹ̀, tíṣà ìṣirò ni. Ó ka ìwé náà lákàtúnkà. Wọ́n sọ bí ọmọ òun ṣe kú, wọn ò sọ ohun tó pa á. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ló lọ sin òkú náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọn ò sì jẹ́ kí bàbá àti ìyá mọ ojú oórì.

Ẹni tó bu ẹ̀kọ náà fún Wisdom ni Màmá Miriam. Ẹ̀gbọ́n bàbá Kọ́lápọ̀ ni, Miriam ni orúkọ òun fúnra rẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Nígbà tí Kọ́lápọ̀ pàdánù ìyá àti bàbá rẹ̀ ní kékeré, òun ló tọ́ ọ ní Ìkọ̀lé Èkìtì, títí ó fi jáde ìwé, tó wá sí Èkó, tó kọ́ ilé. Òun náà ti bímọ mẹ́ta rí, kò sí èyí tó dé orí ìrìn nínú wọn. Kọ́lápọ̀ mú un wá sí Ayọ̀bọ̀ nígbà tó bí Wisdom, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń bá wọn wo àwọn ọmọ. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń pọ̀n wọ́n, ó ń kọ́ wọn ní orin Èkìtì tí ìyá wọn ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyá wọn, Olútóyìn, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ibùdókọ̀ Pleasure. Kò fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ sí ìyá àgbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tí yóò dúró ti ọmọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Tòún, tó ń gbé ní Dopemu. Ìyẹ̀fun ẹ̀kọ ọmọdé ni Tòún ń tà. Ó ń yan àgbàdo, ọkà bàbà, ẹ̀wà sóyà àti ẹ̀pà, ó ń lọ̀ wọ́n pọ̀, ó ń dì wọ́n sínú ọ̀rá. Láti Ẹ̀gbẹdá títí dé Ìkọ̀tún làwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń béèrè rẹ̀. Kì í sọ ohun tó wà níbẹ̀ tán fún ẹnikẹ́ni, kí àwọn tó ń ta irú rẹ̀ má baà jí i. Ti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ló ń fún wọn.

Lọ́jọ́ kẹjọ tí Wisdom kú, Tòún jókòó ti àbúrò rẹ̀ nínú yàrá. Ó béèrè ẹni tó bu ẹ̀kọ fún ọmọ náà.

"Màmá ni," Olútóyìn dáhùn. "Àwọn náà ni wọ́n máa ń bu ún fún un."

"Ìyẹn ni mo ń wí."

Tòún wá rán an létí òwìwí. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ikú náà, òwìwí kan bà sórí táǹkì omi lọ́sàn-án gangan, àwọn kannakánná yí i ká, wọ́n ń fi ẹnu sọ ọ́. Màmá Miriam nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ròyìn ẹyẹ náà fún wọn. Tòún ní kí ló kù tí ènìyàn tún ń wá. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú yàrá, ó dé ojúlé kejì, ó dé ìdí ẹ̀rọ omi. Láàárín oṣù méjì, ohun gbogbo tó bàjẹ́ nínú ilé náà ló rí ẹlẹ́bi. Ẹja àrọ̀ tí Kọ́lápọ̀ ń sìn lẹ́yìnkùlé kú ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn lé sójú omi, inú wọn funfun. Oyún oṣù mẹ́ta bàjẹ́ lára Olútóyìn. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọmọ mẹ́ta tí Màmá Miriam bí, tí wọ́n kú. Wọ́n ní ó ti jẹ tirẹ̀ tán, ti ẹlòmíràn ló kù. Bí ó bá kí wọn, wọ́n á fa ọmọ wọn mọ́ra kí wọ́n tó dáhùn. Màmá Miriam rò pé ọ̀fọ̀ ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan ló kù nínú ilé, Happiness, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò fẹ́ràn ẹ̀kọ tẹ́lẹ̀, tíì àti búrẹ́dì ló máa ń jẹ. Lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò fẹ́ jẹun mọ́, ó rù. Tòún bá gbé ìyẹ̀fun wá, ó ní kí wọ́n máa rò ó fún un kí ó lè lẹ́ran lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sidé kan, Olútóyìn wà ní ṣọ́ọ̀bù, Màmá Miriam ro ẹ̀kọ náà, ó fi ṣúgà sí i, ó bẹ ọmọ títí ó fi gbà láti mu ṣíbí mẹ́ta. Kò pẹ́ rárá, ètè ọmọ náà wú, gbogbo ara rẹ̀ lé kókókó bí ẹni tí eèrà jẹ, ó sì bì. Màmá Miriam fi omi nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e jókòó sí itan, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí Olútóyìn fi dé, ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ìyá àgbà náà lè pa á mọ́ra. Ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀. Ṣùgbọ́n ó pe tọkọtaya náà jókòó, ó sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú náà, Wisdom sọ fún òun lẹ́ẹ̀mejì pé ẹnu ń yún un bí ó bá mu ẹ̀kọ náà, òun sì rò pé ó gbóná jù ni.

"Ẹ̀kọ yẹn ni," ó wí. "Ọjọ́ tí Wisdom kú, òun ló mu. Èyí náà, òun ló mu. Ẹ má fún un mọ́."

Olútóyìn bi í léèrè bóyá ẹ̀kọ tí wọ́n ti ń fún Wisdom láti ìgbà tí wọ́n ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ náà ló ń sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ ohun tó yí padà. Olútóyìn dìde, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tòún ti dé láti Dopemu, ó ń sunkún lójú pópó kí gbogbo ayé lè gbọ́. Ó ní ìyá arúgbó pa ọmọ tán, ó tún fẹ́ fi kọ́ òun lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kejì ni Olútóyìn sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìyá yẹn ní láti kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun yóò gbé ọmọ tó kù lọ, kò sì ní rí àwọn mọ́. Kọ́lápọ̀ ò gba àjẹ́ gbọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀, ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ fún un ni yóò gbà. Ó gbà kí àwọn lọ sọ́dọ̀ Wòlíì Goodluck ní ìjọ aláṣọ funfun tó wà lọ́nà Ìgàndó. Ó sọ fún Màmá Miriam pé àdúrà lásán ni, fún ìtura ilé. Inú ìyá náà dùn. Òun náà ń lọ sí irú ìjọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó wẹ̀, ó wọ sùtánà rẹ̀ tó ti gbó, ó mú àbẹ́là tirẹ̀ lọ́wọ́.

Wòlíì ti gbọ́ ohun gbogbo lẹ́nu Tòún tẹ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n ro ẹ̀kọ kan náà níbẹ̀, láti inú ọ̀rá kan náà. Ó gbé e síwájú ìyá àgbà náà lójú gbogbo ìjọ, ó ní, "Màmá, ẹ ní ẹ̀kọ yìí ló pa ọmọ. Ẹ mu ún. Bí ohun búburú bá wà nínú rẹ̀, yóò mú yín."

Ó mu ún tán, ó tún fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ abọ́. Wọ́n dúró. Wákàtí kan kọjá, kò sí ohun tó ṣe é. Màmá Miriam rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ, Happiness ò tíì jẹun.

"Oró ejò kì í pa ejò," ni Wòlíì wí. Ó sì pa "ẹ̀yin" tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ". "O mu ohun tó pa ọmọdé, kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ìwọ la ti ń wá."

Ká ní ó ṣubú, wọn ì bá ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló mú un. Kò ṣubú, ìyẹn náà sì di ẹ̀rí.

Wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí Ilẹ̀ Àánú, yanrìn tí wọ́n fi igi sọgbà yí ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ méje ni Wòlíì dá fún un, láìjẹun. Omi díẹ̀ ni wọ́n ń fún un láàárọ̀. Àwọn obìnrin ń fi ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ nà án kí ẹ̀mí tó ń lò ó lè jáde. Ní ọjọ́ kejì Olútóyìn gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó nà án títí apá fi ro ó, ó ń dárúkọ Wisdom bó ṣe ń nà án. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n fi ata ra á lójú kí ó má lè rí ọ̀nà ìpàdé àjẹ́ lókè. Ẹnìkan gbé fóònù, ó ń yà á.

Ọjọ́ kẹrin ni Kọ́lápọ̀ wá wò ó. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ti dí. Ó mọ ìrìn Kọ́lápọ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó nawọ́ sí ibi tó dúró sí.

"Kọ́lá, bá mi sọ fún wọn."

Kọ́lápọ̀ wo bàtà rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń wò ó, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì rò pé àánú ló mú òun sọ ọ́: "Ẹ jẹ́wọ́, Màmá. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́, wọ́n á fi yín sílẹ̀."

Ìyá náà ò tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí Kọ́lápọ̀ lọ tán, ó ní kí wọ́n pe Wòlíì. Ohun tí wọ́n bi í ló gbà. Ṣé òun ló pa Wisdom? Òun ni. Ẹja ńkọ́? Òun ni. Oyún? Òun ni. Bàbá Kọ́lápọ̀, àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀? Òun ni. Àwọn ọmọ mẹ́ta tó bí? Ó dákẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó wá ní òun ni. Wọ́n bi í pé ẹyẹ wo ló fi ń rìn. Kò mọ èyí tí wọ́n fẹ́. Ó ní lékèélékèé. Wọ́n ní irọ́ ni, òwìwí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òwìwí ni.

Wọ́n fi í sínú ọkọ̀ Èkìtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú báàgì kan. Àwòrán fóònù náà ti dé Ìkọ̀lé lórí Wàsáàpù kí òun tó débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ara ilé náà ti fúyẹ́. Happiness ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí wọ́n ti ti ìdúpẹ́ dé, Tòún wọ ilé ìdáná, ó ro ẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń bà á jẹ́ ti lọ, ọwọ́ mímọ́ ló ro ti òní. Ó gbé ọmọ lé itan, ó sì fún un mu. Ọmọ náà mu abọ́ kan gbáko nítorí ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí itan tí ọ̀fun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ètè wú, ojú dí, ara lé. Olútóyìn kígbe pé ìyá yẹn ti tẹ̀ lé àwọn láti Èkìtì. Tòún ń pe orúkọ Jésù, ó ń da omi àdúrà sí ọmọ lórí. Ohun tó gba ọmọ náà ni pé Fàdìlàt, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ojúlé kejì, wà nílé lọ́jọ́ náà. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e, ó ní kí Kọ́lápọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Olútóyìn tún fẹ́ sọ̀rọ̀ àjẹ́, Fàdìlàt ní kó dákẹ́, ọmọ ò ráyè ìyẹn.

Ní ilé ìwòsàn tí Fàdìlàt ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkọ̀tún, Dókítà Abdulganiyy gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ní itan. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ọ̀fun náà là, Happiness sunkún, èémí sì ń wọlé. Dókítà wá béèrè ohun tó jẹ. Tòún ka àgbàdo, ó ka ọkà bàbà, sóyà, ẹ̀pà. Dókítà béèrè ohun tó kù. Tòún ń tún gèlè rẹ̀ wé.

"Àǹtí mi, ẹ dá wọn lóhùn," Olútóyìn wí.

"Yànmọ̀tí." Ohùn Tòún kéré. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Wisdom kú. Wọ́n ní ó ń mú egungun ọmọ le."

Dókítà ṣàlàyé fún wọn, ó sì tún un ṣe nígbà tí wọn ò gbọ́ ọ. Ó ní àwọn kan wà tí ara wọn ń ka yànmọ̀tí, hóró kékeré tí wọ́n tún ń pè ní bẹniséèdì, sí ọ̀tá. Oúnjẹ rere ni lẹ́nu ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ inú ara tiwọn, ara náà yóò dìde ogun débi tí yóò fi dí ọ̀nà èémí ara rẹ̀. Àlẹ́jì ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe májèlé, ẹnikẹ́ni ò sì rán an. Ó lè wà lára ọmọ méjì nínú ilé kan. Kọ́lápọ̀ béèrè bóyá òun ló pa Wisdom. Dókítà ní òun ò rí ọmọ náà, òun ò lè búra, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún òun, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó béèrè bóyá kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ náà ni.

Nígbà tó yá, wọ́n yẹ ọmọ náà wò ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n kán oríṣiríṣi oúnjẹ sí i lápá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tínńrín gún un lójú ibẹ̀, ojú yànmọ̀tí nìkan ló wú. Láti ìgbà náà, ilé náà yí padà. Olútóyìn ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá oúnjẹ títí dé lẹ́tà ìkẹyìn. Wọn ò ra búrẹ́dì tí wọ́n wọ́n hóró sí lórí mọ́, wọ́n ń béèrè irú òróró tí wọ́n fi dín nǹkan. Wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ nípa kàntú, súwíìtì yànmọ̀tí tí àwọn Hausa ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, wọ́n kọ ọ́ sí káàdì kọ́ ọ lọ́rùn. Fàdìlàt kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ náà, ó sì kọ́ tíṣà rẹ̀. Happiness kọ́ láti sọ "Ṣé yànmọ̀tí wà níbẹ̀?" kí ó tó kọ́ láti kọ orúkọ ara rẹ̀.

Wòlíì Goodluck gbọ́, kò yí ohùn padà. Ó ní àjẹ́ náà ló fi àlẹ́jì sínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tòún yọ yànmọ̀tí kúrò nínú ìyẹ̀fun rẹ̀ fún oṣù kan. Àwọn oníbàárà ní kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó sì dá a padà, kò kọ ohunkóhun sára ọ̀rá.

Ó pẹ́ kí Kọ́lápọ̀ tó lè lọ sí Ìkọ̀lé. Nígbà tó lọ, ó mú Happiness dání, ó ní kó dúró nínú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá wọn ni Màmá Miriam ń gbé. Ẹnikẹ́ni ò bá a jẹun. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ó funfun. Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, yànmọ̀tí, ohun tí dókítà wí, apá tó wú. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ̀yin kọ́ ni, Màmá," Kọ́lápọ̀ wí.

Ó béèrè bóyá Happiness wà láàyè. Kọ́lápọ̀ ní ó wà, ó ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà dìde kíá, ó pa fèrèsé dé.

"Mo ti jẹ́wọ́, Kọ́lá."

"Wọ́n nà yín ni ẹ fi jẹ́wọ́."

"Wọ́n nà mí lóòótọ́. Ìwọ ò nà mí. Ìwọ tí mo tọ́, ìwọ lo ní kí n jẹ́wọ́." Ohùn rẹ̀ balẹ̀, kò sí ìbínú níbẹ̀. "Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ọmọ tí mo tọ́ ò lè ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí n ò ṣe. Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣe é, èmi ni n ò mọ̀. Àwọn mẹ́ta tí mo bí náà, ó ní láti jẹ́ pé èmi ni."

Kọ́lápọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní irọ́ ni, ó ní òun ṣì wí ni, ẹ̀rù ló ba òun. Màmá Miriam gbé e dìde lórí ilẹ̀ bí ó ṣe máa ń gbé e nígbà èwe, ó fọwọ́ tì í jáde jẹ́jẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Happiness ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sáré wá, ó ń pe Màmá Àgbà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà ò ṣí. Wọ́n ń gbọ́ ìyá náà nínú ilé, ó ń bẹ ọmọ náà pé kó jọ̀wọ́, kó máa lọ, kí òun má baà pa á.